Mayi Felesta Mkwezalamba (1951–2023) àti Waya Àkọ́kọ́

Ẹbí Mkwezalamba kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá bá wọn ṣọ̀fọ̀. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún Mayi Felesta, ìyá wọn, ní ọdún méjìléláàádọ́rin láyé.

Ọdún 1951 ni wọ́n bí i ní Thyolo, láàárín oko tíì. Bàbá rẹ̀, Bambo Jailosi Namagowa, ló ń tún ẹ̀rọ tó ń mú ewé tíì gbẹ ṣe. Iléèwé ìjọ ni Felesta lọ. Ní 1974 ó fẹ́ Bambo Fanuel, káfíńtà. Ní 1979 ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní iṣẹ́ iná ní iléèwé kan ní Blantyre.

Ní 1991, ìjọ bẹ̀ ẹ́ kí ó ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa kọ orin ìyìn láti ilé agogo. Ọ̀gá iléèwé rẹ̀, tí kì í gba ọmọbìnrin sẹ́nu iṣẹ́ iná, ní bí ẹ̀rọ náà bá kọrin gún lọ́jọ́ Àjíǹde, òun yóò gba ọmọbìnrin sí kíláàsì Mayi. Bí kò bá gún, kí ẹnikẹ́ni má dá ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin sílẹ̀ mọ́.

Nọ́ńbà ni orin nínú ẹ̀rọ náà: iná wà tàbí kò sí, lórí waya mẹ́jọ. Rẹ̀sítọ̀, tó ń dín iná kù, wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti àkọ́kọ́ ń jẹ́ kí iná tó pọ̀ jù lọ kọjá, ti èkejì ìdajì rẹ̀, ti ẹ̀kẹta ìdajì ti èkejì, títí dé ìkẹjọ. Níbi tí àwọn waya náà ti pàdé, iná náà a máa ga, a máa lọ sílẹ̀ bí ohùn ènìyàn, sípíkà a sì kọ ọ́ síta.

Ṣùgbọ́n orin náà ń há. Bambo Wyson Chikopa, olórí akọrin, ní, “Mayi, ẹ̀rọ yín mà ń húkọ́.”

Ó ní, “Ẹ bu omi fún un, Bambo.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń wọn àwọn rẹ̀sítọ̀ tí ẹrù iná wọn fúyẹ́, tó ń pààrọ̀ wọn. Kò wọn ti àkọ́kọ́. Tuntun ni, ó sì gbà á gbọ́. Nígbà tí Àjíǹde ku ọ̀la ló tó wọ̀n ọ́n. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún péré ló fi yẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan wúwo ju gbogbo ẹrù waya ìkẹjọ lọ. Ìdí nìyẹn tí ohùn fi ń já wálẹ̀ níbi tó yẹ kó gòkè. Ó pààrọ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àjíǹde, orin gún. Bí ìjọ ti ń yìn ín, ó dìde: “Ẹ má yìn mí. Àwọn kékeré ni mò ń bi léèrè. Mi ò bi àgbà.”

Ọmọbìnrin mẹ́fà wọ kíláàsì rẹ̀ lọ́dún yẹn. Àwọn tó ti gbabẹ̀ kọjá ti lé ní igba báyìí.

Ó bẹ àwọn aláìsàn wò ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ títí òun náà fi dùbúlẹ̀. Ó fi Bambo Fanuel sáyé, pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, Lusungu, Chifuniro, Tiyamike, àti ọmọ-ọmọ méje.

Ẹ̀rọ náà ni yóò kọrin ìdágbére lónìí. Lusungu, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà yẹn, ló wọ̀n ọ́n láná. Àgbà ló kọ́kọ́ bi.

Sùn re o, Mayi. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, kí Olúwa wọ̀n yín, kí ó bá yín ní pípé.