Bí Wọ́n Ṣe Yọ Mí Kúrò Nínú Àwọn Méjìlá

Etíkun Corey,
Ìpínlẹ̀ Maine.
Ọjọ́ 17, Oṣù Kọkànlá, 1994.

Roberta, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo sì kí ọkọ rẹ. Mo ní ìrètí pé ikọ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ti lọ pátápátá. Ara tèmi le. Orúnkún mi nìkan ló ń ráhùn, òtútù ló sì fà á.

O ní kí n kọ̀wé sí kóòtù pé mo ti darúgbó, kí wọ́n yọ mí kúrò nínú àwọn ará ìlú tí wọ́n pè, tí wọ́n máa ń yan méjìlá nínú wọn láti gbọ́ ẹjọ́, kí wọ́n sì dá a. Má bínú, n kò kọ ọ́. Ohun tí wọ́n ń béèrè kò ju pé kí èèyàn ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, kó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí, kó máa gbé àgbègbè yìí, kó gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, kó má sì jẹ́ ọ̀daràn. Gbogbo rẹ̀ ni mo ti ní kí n tó bí ọ. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, ta ló tún ń béèrè èrò mi lórí ohunkóhun, àfi bóyá mo fẹ́ ṣúgà sí tíì? Ó wù mí kí n tún wúlò.

Ẹjọ́ Elwyn Carver ni, ọmọ tí bàbá rẹ kọ́ ní iṣẹ́ òkun. Dorr, apẹja bíi tirẹ̀, ló pè é lẹ́jọ́ pé ó gé okùn ìgèrè tí òun fi ń pa alákàṣà sómi. Elwyn ní òun kò gé nǹkan kan, òun kàn ta kókó sí okùn náà ni. Ìwọ náà mọ ohun tí kókó ń sọ létíkun wa: o ti wọ ibi tèmi, kó ẹrù rẹ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ̀bi ẹjọ́ náà, wọn yóò gba ìwé àṣẹ ìpẹja lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn.

Adájọ́ ní kí ẹni tó bá mọ Elwyn nawọ́ sókè. Gbogbo wa la nawọ́, títí kan ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ta ni yóò wá gbọ́ ẹjọ́ náà. Mo sọ fún un pé ọkọ mi ló kọ́ ọmọ náà níṣẹ́, pé n ó sì ṣe òdodo bó bá tiẹ̀ dùn mí. Ó gbà. Ó wá bi mí bóyá mo ti gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì. Mo ní, “Rárá, sà.” Mo sì ti búra.

Mo rí i tí Elwyn sọ̀rọ̀ sí lọ́yà rẹ̀ létí. Lọ́yà náà fajú ro, ó fà á lápá aṣọ, ṣùgbọ́n Elwyn ń mi orí ṣáá. Ni lọ́yà bá lọ bá adájọ́ sọ̀rọ̀, wọ́n sì ní kí n yọ wá síwájú. Inú mi bàjẹ́, mo rò pé ọmọ náà kò fọkàn tán mi.

Adájọ́ ní, “Ìyá, ta ló ń gbé alákàṣà síwájú ilẹ̀kùn yín ní gbogbo ọjọ́ Sátidé?”

Mo ní, “Merton ni, sà. Aládùúgbò mi.”

Elwyn dìde. “Èmi ni, mà,” ló wí. “Ẹ máà bínú. Kò dáa kí ẹ jókòó síbẹ̀ láì mọ̀.”

Roberta, ó mọ̀ pé mo máa ṣàánú òun, ó sì mọ ohun tí òun lè pàdánù, síbẹ̀ ó lé mi kúrò lórí àga náà. Ojú tì mí, inú mi sì dùn, n kò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Akọ̀wé kóòtù dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní kí n máa lọ sílé. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo dúró. Àwọn méjìlá kò gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀, wọn kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín sí i. Ṣùgbọ́n èmi tí wọ́n ti yọ ńkọ́? Ìyá rẹ̀ ti kú, bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣófo. Mo padà, mo lọ jókòó síbẹ̀, mo gbé báàgì mi lé ẹsẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn. Mo ní, “Kọjú síwájú.” Ibẹ̀ ni mo ti ń jókòó láti ọjọ́ Ajé, ibẹ̀ náà ni n ó wà lọ́la.

Lálẹ́ ọjọ́ Ajé náà mo lọ bá Merton. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń ṣe páì ápù fún un láti fi dúpẹ́ alákàṣà tí kò gbé wá. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ pé òun kọ́ ló ń gbé e wá. Ó ní, “Verna, mo rò pé o ń fẹ́ mi ni.” Láti ọjọ́ náà, kò sí páì fún un mọ́.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o dáwà lọ́jọ́ tí ọ̀ràn bá dé bá ọ. Kí ó sì fún ọ ní àwọn tó ń ṣe ọ́ lóore, kódà àwọn tí o kò mọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Verna.

Àfikún: N kò tíì fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́. Wọ́n dá Elwyn láre lánàá. Òní ni Sátidé, mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo sì dúró kí Elwyn gbé alákàṣà sílẹ̀ kó máa lọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Kò lọ. Ó kan ilẹ̀kùn. Ó wà ní kíṣìnì báyìí, ó ń jẹ páì tí ì bá jẹ́ ti Merton.