Òkè Tí Ignatius Kò Béèrè

                                        Ilé Aránṣọ Túnráyọ̀,
                                        Ẹ̀yìn Ọjà, Òdòdè,
                                        Ìdànrè, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kọkànlá, 1981.

Agatha, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, ìyá Ọmọlará,

Mo kí ọ kú ìrọ́jú, mo sì kí ọ kú àmúmọ́ra. Ọlọ́run tó ń nu omijé nù yóò nu tìrẹ. Báwo ni bàbá Ọmọlará? Ṣé ara wọn ti balẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ti padà dé Èkó? Ọmọlará ńkọ́, ṣé ikọ́ tó ń wú nígbà tí ẹ wá síbi ìsìnkú ti fi í sílẹ̀? Bí kò bá tíì lọ, má wulẹ̀ náwó sórí oògùn ìgò mìíràn. Oyin àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni kí o pò fún un.

Ní tiwa níbí, a wà láàyè. Òjò ti ń dín kù, wọ́n ti ń sá kòkó sí ẹ̀gbẹ́ títì, ṣùgbọ́n èyí tó jẹrà lórí igi pọ̀ lọ́dún yìí. Àwọn tó yẹ kó wá rán aṣọ ọdún ń gbé ti èṣí wá fún àtúnṣe. Èmi náà ń fara mọ́ ọn. Ìwé tí mo rà kò pọ̀, ojú méjèèjì ni mo sì ń kọ, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ bá fún pọ̀, fi sùúrù kà á.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kà á tán, mo ká a, mo tún tú u kà. O ní Fúnmilọ́lá, ọmọ Bàbá Fọlọ́runṣọ́, ló pa Ignatius àbúrò rẹ. O ní ó wọ aṣọ funfun wá síwájú òkú bí ẹni tó ń lọ síbi ìkórè. O ní ọjọ́ tó bá fi ẹsẹ̀ tẹ ilé bàbá yín, ọjọ́ náà ni ẹsẹ̀ tìrẹ yóò kúrò níbẹ̀ pátápátá.

Ọ̀rẹ́ mi, n kò kọ̀wé láti bá ọ jà. Ṣùgbọ́n alẹ́ lo dé, a sìnkú lọ́jọ́ kejì, o sì padà sí Èkó láìjẹ́ pé ẹnì kan rí àyè jókòó tì ọ́. Jẹ́ kí n sọ èyí tí mo fojú rí, àti èyí tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ṣojú wọn. Lẹ́yìn náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí Ignatius ti ń ṣe tíṣà ní Akúrẹ́ ni òun àti Fúnmilọ́lá ti ń fẹ́ra. O sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ há sí. Bàbá rẹ, kátíkísì, ní kí ọmọbìnrin náà wá gba ìrìbọmi ní Àgùdà. Bàbá tirẹ̀ ní ọmọ òun kò ní bọ́ sùtánà Aládùúrà sílẹ̀ nítorí ọkọ. Àwọn àgbà méjèèjì ṣì ń kí ara wọn lójú ọ̀nà. Èmi gbà pé bí a bá fún wọn láyè díẹ̀ sí i, ọ̀kan nínú wọn ì bá rọ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù kẹsàn-án, àwọn ọmọ méjèèjì wá sí ilé ìránṣọ mi. Ignatius gbé aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run kan lé orí tábìlì, ó ní kí n fi rán ṣòkòtò àti ẹ̀wù fún òun. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà. Bí mo ti ń wọ̀n ọ́n ló ń ṣàwàdà.

Ó ní, “Àǹtí Túnráyọ̀, ẹ fún un láyè nídìí o. Bí ṣòkòtò bá ya mọ́ mi nídìí níwájú adájọ́, wọn ò ní so wá pọ̀ mọ́.”

Fúnmilọ́lá tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì gbójú sókè. “Adájọ́ wo?”

“Ti kóòtù Akúrẹ́. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀. Mo ti sanwó ìwé.”

“O ti sanwó. Ta lo bi léèrè?”

Ignatius ní kò sí ohun tí òun fẹ́ bi ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ní ìwọ Agatha ti kọ̀wé sí òun láti Èkó pé kí òun yàn kí ọdún tó parí, bóyá ìwọ àti Màmá, tàbí ọmọ aláṣọ funfun. Ó ní òun náà ti yàn. Fúnmilọ́lá ní òun kì í ṣe ẹrù tí wọ́n ń jí gbé, pé òun kò lè lọ kóòtù kí bàbá òun máa gbọ́ ọ lẹ́nu ará ọjà. Bí mo ti ń gbìyànjú láti là wọ́n ni ohùn ń ga sí i.

Ignatius wá sọ ọ́ jáde pé, “Bí o ò bá tẹ̀ lé mi lọ́jọ́ Ẹtì, má wulẹ̀ wá mi mọ́.”

Fúnmilọ́lá dáhùn pé, “Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi náà á gun òkè lọ, wàá sì wá mi tì.”

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Apá Ignatius ṣì wà ní nínà, téèpù mi ṣì wà léjìká rẹ̀. Ó ní, “Ẹ máa wọ̀n ọ́n lọ, Àǹtí. Inú rẹ̀ á rọ̀.” Ẹyin lohùn, wọ́n ní bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Àwọn méjèèjì ló ju tiwọn sílẹ̀ lójú mi.

Nísinsìnyí, Agatha, fara balẹ̀ gbọ́ èyí tí n óò sọ yìí, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yí lé. Ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn Fúnmilọ́lá ń lọ wà ní Aládé, létí títì, o ti kọjá níwájú rẹ̀ láìmọye ìgbà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ilẹ̀ kan wà tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ sọgbà yí ká, tí wọ́n da iyanrìn sí. Ibẹ̀ tẹ́ bí orí tábìlì mi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbààwẹ̀, Òkè Ìtura sì ni wọ́n ń pè é. Aládùúrà ò bìkítà bóyá ilẹ̀ ga tàbí kò ga. Ibi tí wọ́n bá ti ń fi ebi bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, òkè ni. Ṣùgbọ́n fún àwa yòókù ní Ìdànrè, òkè kan ṣoṣo ló wà. Òun náà ni èyí tí àwọn bàbá wa ti sọ̀ kalẹ̀ wá, tó fi àpáta yí wa ká yìí.

Ní ọjọ́ Ajé, Fúnmilọ́lá wọ ibi ààwẹ̀ náà. Kò sọ ohun tó ń bá a jà fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́rú, inú Ignatius rọ̀. Bí ilé ìwé ti jáde ló wọkọ̀ láti Akúrẹ́, ó sì ra búrẹ́dì dání láti fi bẹ̀bẹ̀. Ìyá Fúnmilọ́lá ló bá níta ilé wọn, ó ń kó kòkó kúrò lórí ẹní nítorí òjò ti ṣú. Ìyá náà ló sọ ọ́ fún mi fúnra rẹ̀, kò fi ibì kan pa mọ́. Ó ní bí òun ti rí i ni inú bí òun, torí ọmọ òun ti ń sunkún láti ọjọ́ Sátidé.

Ignatius dọ̀bálẹ̀ kí i, ó ní, “Màmá, Fúnmi ńkọ́?”

Ó dá a lóhùn láìgbójú sókè pé, “Ó ti gòkè. Ọjọ́ kẹta rèé, kò jẹ, kò mu. Ṣé inú ẹ̀yin ará Àgùdà ti wá dùn báyìí?”

Ignatius dìde. Ó fi búrẹ́dì sílẹ̀ lórí ẹní kòkó, ó sáré bọ́ sí títì. Ìyá náà ní òun rò pé ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ó ní, “Túnráyọ̀, òkè wa ni mo sọ. Mo rò pé gbogbo ayé ló mọ òkè wa.” Ó kó búrẹ́dì náà wọlé kí òjò má pa á.

Mọ́tò tí Ignatius wọ̀ kọjá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì náà gan-an. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ tó yà sẹ́yìn ilé, ì bá rí Fúnmilọ́lá níbi tó kúnlẹ̀ sí. Òdòdè níbí ló wá sọ̀ sí, ó sì mú àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè pọ̀n. Òjò ti bẹ̀rẹ̀.

Bàbá Àjàgbé ni ìyókù ṣojú wọn. O mọ̀ wọ́n, àgbàlagbà tó kọ̀ láti bá àwọn yòókù sọ̀ kalẹ̀, tó ṣì ń dáko ẹ̀gẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn àwọn ilé àtijọ́. Wọ́n ní àwọn gbọ́ tí ẹnì kan ń pe Fúnmi, Fúnmi, láàárín òjò. Wọ́n pè é sábẹ́ òrùlé.

Wọ́n ní, “Ọmọ kátíkísì, jókòó. Láti àárọ̀ ni mo ti wà níbí, obìnrin kankan ò gba ibí kọjá, lánàá pàápàá ò sí.”

Ignatius ní, “Bàbá, ẹ ò mọ̀ ni. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta.”

“Mo ní kí o jókòó kí òjò dá. Àpáta tó tutù kì í mọ ẹni tó jẹ́ tíṣà.”

Kò jókòó. Ó fi ọ̀nà sílẹ̀, ó gba orí àpáta tó dagẹ̀rẹ̀ sí ìhà kejì, níbi tí àwọn ọdẹ kì í gbà bí òjò bá rọ̀. Bàbá Àjàgbé ní àwọn kò gbọ́ igbe. Orúkọ Fúnmi tí wọ́n ń gbọ́ ló dáwọ́ dúró.

Ìsàlẹ̀ àpáta náà ni wọ́n ti rí òkú rẹ̀. Nígbà tí píkọ̀ọ̀pù tó gbé e lọ sí ilé bàbá yín dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì Aládé, àwọn èrò ti pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń ké orúkọ rẹ̀. Fúnmilọ́lá gbọ́ ọ láti inú ọgbà. Bó ṣe wà níbẹ̀ ló ṣe jáde, nínú sùtánà tó fi gbààwẹ̀, láìwọ bàtà, láìtíì fi omi kan ẹnu. Aṣọ funfun tí wọ́n sọ fún ọ nìyẹn. Kò sí ìkórè níbẹ̀, ọ̀rẹ́ mi.

Láti ìgbà náà ni oníkálùkù ti ń wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù. Bàbá Fọlọ́runṣọ́ ní ọwọ́ ọ̀tá ni. Wòlíì wọn ní òun ti rí i lójú ìran, kò kàn sọ ìgbà tó rí i. Màmá rẹ ní kádàrá ni. Ìwọ ní Fúnmilọ́lá ni. Èmi kò rí ibi tí ọ̀tá gbà wọ ọ̀rọ̀ yìí. Bí mo bá gé aṣọ aláṣọ bàjẹ́, n kì í sọ fún un pé sísọ́ọ̀sì ló ṣe é.

Fúnmilọ́lá sọ ọ̀rọ̀ tí kò rò, ó sì mọ̀. Ìyá rẹ̀ fi ìbínú ké ìdáhùn kúrú, ó sì mọ̀. Ìwọ náà, Agatha, má bínú sí mi, ìwọ lo ní kí ó yàn kí ọdún tó parí. Ta ló ń lé ọdún? Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kankan nínú wa tó tì í. Ignatius kì í ṣe ọmọdé. Ó sanwó ìgbéyàwó kó tó bi ìyàwó. Ó gbọ́ òkè, kò béèrè òkè wo, bẹ́ẹ̀ a kò mọ ẹni tó béèrè ọ̀nà tó ṣìnà. Àgbàlagbà sọ òótọ́ fún un lójúkojú, kò gbà á. Bí àbúrò mi ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ń dùn mí bí mo ti ń kọ ọ́ yìí. Ṣùgbọ́n bí a bá kó gbogbo rẹ̀ lé ọmọbìnrin kan lórí, irọ́ la ń pa lórí ibojì rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Fúnmilọ́lá wá bá mi pé kí n tú ẹ̀gbẹ́ gáùn òun. Mo fi téèpù yí i ká. Ó ti rù débi tí egungun ọrùn rẹ̀ yọ, síbẹ̀ ìbàdí rẹ̀ fẹ̀ sí i. Mo wo ojú rẹ̀, òun náà wo ojú mi. Ó ní, “Àǹtí, ohun tí mo gòkè lọ bi Ọlọ́run nìyẹn. Mo fẹ́ mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún Ignatius.”

Ọmọ Ignatius ni, Agatha. Bàbá Fọlọ́runṣọ́ ti gbọ́, ó sì fẹ́ rán an lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Òkìtìpupa kí ará ṣọ́ọ̀ṣì tó fura. Bó bá lọ, ọmọ náà yóò dàgbà síbi tí wọn kò ti mọ orúkọ bàbá rẹ̀. Mo tọ bàbá rẹ lọ. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún. Wọ́n ní, “Túnráyọ̀, yàrá Ignatius ṣì wà bó ṣe fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Agatha nìkan ló kù fún mi. Mi ò lè tìtorí ọmọ tí mi ò tíì rí lé èyí tí mo bí jáde. Bá mi kọ̀wé sí i, ó lè gbọ́ tìrẹ.”

Ṣé o rí i? O tún ti ní kí ẹnì kan yàn.

N kò ní kí o gbà á lónìí. Wá sílé kí ọdún tó wọlé, ìwọ nìkan. Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ rẹ kò tó owó aṣọ ọdún kan, mo ti ṣírò rẹ̀. Jókòó ti Fúnmilọ́lá, bi í ní ìbéèrè tó bá wù ọ́. Bí o bá gbọ́ tẹnu rẹ̀ tán tí o ṣì ní rárá, n kò ní bá ọ jiyàn mọ́. Mo ti bẹ bàbá rẹ̀, ó sì gbà láti dúró títí di Kérésì.

Bá mi kí bàbá Ọmọlará dáadáa, kí o fọwọ́ pa Ọmọlará lórí fún mi. Màmá rẹ ń kí ọ. Wọ́n ti ń jẹun díẹ̀díẹ̀.

Aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run tí Ignatius gbé wá ṣì wà lórí pẹpẹ mi. Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i lọ́jọ́ Sátidé yẹn, n kò tíì gé e. Kò lè di ṣòkòtò fún ẹni tó ni ín mọ́, ṣùgbọ́n ó tó aṣọ ọmọ ọwọ́, yóò tiẹ̀ ṣẹ́ kù. Bàbá rẹ ní kí n dúró de ẹnu rẹ. Mo ti gbé sísọ́ọ̀sì kúrò nítòsí rẹ̀.

                                        Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti orí bẹ́ǹṣì ilé ìwé kan náà,
                                        Túnráyọ̀ Ọ̀ṣúndé.