Ìlà Kan tí Mo Yọ Kúrò

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Òpópónà Ilé-Ìkàwé.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá ọkọ rẹ ti fúyẹ́? Ibi iṣẹ́ tuntun yẹn ńkọ́, ṣé ó ti mọ́ ọ lára, àbí o ti tún ń bá wọn jà? Ní tèmi, mo ṣáà ń mí ni.

O ṣé tí o bá mi kẹ́dùn ikú Bàbá mi. Ohun tí n kò lè sọ lórí fóònù ni mo ń kọ síbí, torí ìwọ nìkan ló máa yé.

Ṣé o rántí fọ́ọ̀mù orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí a jọ ṣe fún ọsibítù nígbà tí tábìlì wa ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn? Ojú ewé tó gbẹ̀yìn, níbi tí èèyàn ti ń yẹ ohun tó kọ wò kó tó tẹ "Fi ránṣẹ́", ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Ọ̀gá wa ní ó gùn jù, ó ń sú àwọn èèyàn. Mo bá yọ ìlà nọ́ńbà fóònù kúrò lójú ewé àyẹ̀wò yẹn. O ní kí n má yọ ọ́. Mo fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní ta ni kò mọ nọ́ńbà ara rẹ̀? Ọ̀gá pàtẹ́wọ́ fún mi, ó sọ mí ní Kíákíá, orí mi sì wú.

Nígbà tí ọkàn Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n lẹ́nu, dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni, kí wọ́n kọ fọ́ọ̀mù náà, bí àyè bá ti yọ, ọsibítù á pè wọ́n. Bàbá kò jẹ́ kí n bá wọn kọ ọ́. Ṣebí o mọ agídí kápíńtà. Ìka kan ṣoṣo ni wọ́n fi tẹ gbogbo rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi dúró de ìpè, wọ́n ń gbé fóònù wọ balùwẹ̀. Bó bá ti dún, wọ́n á dìde fìrì, kó tún wá jẹ́ èmi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan wọ́n jókòó sídìí fèrèsé, wọn kò dìde mọ́.

Nígbà tí mo lọ gba ìwé wọn ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọsibítù ti pè. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn nínú nọ́ńbà fóònù wọn, méje ló yẹ kó jẹ́, mẹ́jọ ni Bàbá tẹ̀. Wọ́n ti fi àyè Bàbá fún ẹlòmíràn. Nọ́ọ̀sì ń tù mí nínú, kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Mo ti dá ìlà náà padà. Wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n èmi ni mo gbẹ́ kòtò, Bàbá mi ló jìn sí i.

Màmá kò tíì mọ̀. Lánàá, bí a ṣe ń ká aṣọ Bàbá, Màmá ní àwọn ti kìlọ̀ fún Bàbá lọ́jọ́ tí wọ́n ń kọ fọ́ọ̀mù yẹn pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Bàbá sì yẹ̀ ẹ́ wò lóòótọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ó ti pé. Ọmọ mi ló ṣe é. Bí àṣìṣe bá wà ńbẹ̀, á ti fi hàn mí."

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Jọ̀ọ́, má kọ̀wé sí mi pé kì í ṣe ẹ̀bi mi. Ṣáà máa bọ̀.

                                        Èmi ni, tìrẹ síbẹ̀,
                                        Kíákíá.