Màmá Ọkọ Mi Kò Jẹ́ Kí Ọkọ Mi Mu Omi

Ẹ̀yin olóòtú wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá orúkọ mi. Ìyàwó tuntun ni mí n'Iléṣà, a ò tíì pé oṣù méjì tí a ṣe ìgbéyàwó, inú mi sì ń dùn débi pé mo ń dá rẹ́rìn-ín nídìí sítóòfù.

Òkúta inú kíndìnrín ọkọ mi ti jáde! Ihò kékeré kan ni àwọn dókítà l'Ékòó lu sí i lẹ́yìn, wọ́n ti irinṣẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ gba ibẹ̀, wọ́n fọ́ òkúta náà, wọ́n sì kó o kúrò. Lọ́jọ́ kẹrin ló wálé. Wọ́n ní kó máa mu omi dáadáa, torí òkúta lè tún padà wá.

Àmọ́ màmá ọkọ mi wá láti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà láti tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì gbé kúláà omi wa sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn.

"Ìyàwó, ṣé o fẹ́ pa á ni? Nígbà tí wọ́n la inú tèmi, òwú tútù ni wọ́n fi ń ra mí létè!"

"Màmá, ọjọ́ kìíní nìyẹn. Ti ọmọ yín ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Iṣẹ́ abẹ tí kò fi àpá gígùn sílẹ̀ lára, ta ló mọ ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀?"

Ó ti sú mi! Ọkọ mi ń jí omi mu bí ẹni ń jí ẹran nínú ìkòkò, ìtọ̀ rẹ̀ sì ti tún ń pọ́n.

Màmá kì í gba ti dókítà, ṣùgbọ́n wọn kì í pa rédíò nígbà ètò yín láti Òṣogbo. Ẹ bá mi pe dókítà kan sórí afẹ́fẹ́, kó dá wọn lóhùn, kí n lè fún ọkọ mi lómi láì rí wọn fín.