Ikọ́ Mi Kò Gbọdọ̀ Dé Ọ̀dọ̀ Ọmọ Náà

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú ìdúró nílé ìwòsàn, mo kí ọkọ rẹ kú àìsùn, mo kí ìyá rẹ tó wá bá yín tọ́mọ kú wàhálà, mo sì kí àlejò wa kékeré kú ìforítì. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ ṣòfò ọmọ. Àmín.

Àlàáfíà ni mo wà, àfi ikọ́ àti pé ilé dákẹ́ jù. Mo ṣì ń pe ìyá rẹ kó bá mi wá awò ojú mi, ògiri nìkan ló ń gbọ́. Kódà, bó ṣe máa ń pariwo mọ́ mi nítorí eruku pákó tí mò ń kó wọlé, àárò rẹ̀ ń sọ mí.

Mo rò pé àwa tí à ń ronú owó ilé-ìwé ni àìsàn ọkàn wà fún. Ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, kí ló ń rò? Ìgbà tí ìyá rẹ wá sọ lórí fóònù pé dókítà ní kòkòrò fáírọ́ọ̀sì tí ojú ò lè rí ló wọ ọmọ lára tó mú kí ọkàn rẹ̀ wú, pé kí ẹni tó bá ń wúkọ́ má ṣe sún mọ́ ọn, ṣé o mọ̀ pé inú fóònù yẹn gan-an ni mo ti ń wúkọ́? Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni mo pa á. Ohùn mi tó tóbi báyìí ń gba inú rẹ̀ kọjá, ṣé kòkòrò tí ojú ò rí ni ò ní rí ọ̀nà? Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbé e mọ́, mi ò bínú sí ẹnikẹ́ni. Tó bá ti ń dún, màá faṣọ bo imú, màá jókòó tì í, màá máa wo àwòrán rẹ títí yóò fi dákẹ́. Lẹ́tà yìí náà, mo ti sá a sóòrùn, kí ìyá rẹ tún fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó kà á.

Nọ́ọ̀sì abúlé rẹ́rìn-ín títí, ó ní ikọ́ kì í gba inú fóònù. Ó wá wò mí lójú, ó ní Bàbá, ṣé ikọ́ lẹ ń sá fún àbí ìròyìn. Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi.

Bí owó díẹ̀ bá wà, fi ránṣẹ́ kí n fi ra oògùn ikọ́, ṣùgbọ́n tọmọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe.

Kí ojú Olúwa má kúrò lára yín. Tó o bá ti ka èyí tán, pè mí, màá gbé e. Má tíì kí mi, má tíì sọ nǹkan kan. Gbé fóònù lé àyà ọmọ ná. Tí mo bá gbọ́ tí ọkàn rẹ̀ ń lù, màá lè fọhùn.

Èmi bàbá rẹ, tó jókòó ti fóònù.