Apá Aṣọ Tí Mo Ń Yọ́ Tú

Ọmọ mi àgbà,

Mo kí ọ, mo kí aya rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ tó ń pè mí ní Bàbá Eléyín-kan. Sọ fún wọn pé eyín náà ṣì wà. Orúnkún ìyá rẹ ń dún bí ilẹ̀kùn ògbólógbòó.

Ọ̀gá ilé-ìwé fẹ́ kí a rán ìlọ́po méjì aṣọ tọdún tó kọjá. Bí a bá kọ̀, ẹlòmíràn ni yóò gbé gbogbo rẹ̀ fún. Ìyá rẹ ní, "Bàbá wọn, ẹ gbà á! Àbí ẹ ti darúgbó ni?" Mo ní, "Èmi kọ́, ìwọ ni."

Ojú ìyá rẹ ti di bàìbàì, apá òsì ló ń rán sí ọ̀tún. Bó bá lọ ra òwú, mo máa ń yọ́ tú u, màá tún un rán. Mo rò pé mo gbọ́n. Àfi bí mo ṣe rí kókó méjì tí ìyá rẹ máa ń ta sí ìdí òwú lọ́rùn aṣọ tí èmi fúnra mi rán! Òun náà ń tú tèmi.

Kí ni kí n wí fún ọ̀gá? Bá wa pinnu. Kí ojú tìrẹ ríran dalẹ́. Bí ìyá rẹ bá sì ti kọ̀wé sí ọ nípa ọwọ́ mi, jọ̀ọ́, má sọ fún mi.

Bàbá rẹ.