Ohun Tó Ń Kànkùn Nínú Bọ́ọ̀tù Ọkọ̀ Bàbá Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ń wọlé sí ọ lágbárí, ṣé o sì ń rí oúnjẹ gidi jẹ? Èmi ìyá rẹ wà láàyè, ara mi yá, inú mi sì dùn ju bó ṣe yẹ kí inú opó dùn lọ. Mo mú bírò dípò kí n pè ọ́ torí pé etí pọ̀ nílé yìí, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí kì í sì í ṣe èyí tí èèyàn ń pariwo lórí fóònù.

O ní Dádì Kékeré pè ọ́, ó ní bàbá rẹ kò sinmi, pé ó ń kànkùn nínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀ rẹ̀, pé ó fẹ́ jáde. O ní látọjọ́ náà, o kì í lè pa iná yàrá rẹ kó o tó sùn. Nu ojú rẹ nù. Bàbá rẹ ń sinmi jẹ́jẹ́ níbi tá a tẹ́ ẹ sí. Ẹni tó pè ọ́ yẹn ni kò ní ìsinmi mọ́, ọwọ́ mi ló sì ti wá.

Lẹ́yìn ìsìnkú, tí ìdí àwọn tó wá kí wa kò tíì tutù lórí àga, ni àbúrò bàbá rẹ yìí ti wá jókòó ní pálọ̀ wa. O mọ̀ pé Akọ̀wé ni mo ń pè é látìgbà tí mo ti wọlé ìyàwó, nítorí táì tí kì í bọ́ lọ́rùn. Ó ní, "Ìyàwó wa, jẹ́ kí n máa bá ọ mójú tó ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi." Ọkọ̀ tirẹ̀ sì wà níta tó ń dán gbinrin! Mo ní, "Ẹ ṣeun, Akọ̀wé mi. Ọkọ̀ yìí ni mo fi ń gbé àwọn olùkọ́ lọ síṣẹ́, òun náà ló ń bọ́ wa." Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó wá yá a, ó ní òun fẹ́ fi kó sìmẹ́ńtì. Ó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní kó tó dá a padà. Ó yẹ kí n ti fura. Ẹni tí kì í fọ abọ́ tó fi jẹun!

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ariwo náà bẹ̀rẹ̀. Lójú ọ̀dà tó tẹ́jú, kẹ́kẹ́ pa. Bí táyà bá ti já sí kòtò, tàbí tí mo bá yà sí kọ̀rọ̀, kó-kó-kó, bí ẹni fi ìka kan ilẹ̀kùn. Olùkọ́ ìṣirò tó máa ń jókòó níwájú bi mí bóyá ewúrẹ́ ni mo gbé sẹ́yìn. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àṣé Akọ̀wé ti ń lọ síbi tí wọ́n ti máa ń dúró dè mí, ó ń sọ ọ́ sí wọn létí lọ́kọ̀ọ̀kan pé òkú ọkọ mi ló ń kànkùn. Kò pẹ́ tí olùkọ́ ìṣirò yìí kan náà fi ní kí n dúró ní oríta. "Màmá, ẹ má bínú, mo kàn fẹ́ na ẹsẹ̀ díẹ̀ ni." Eré ló ń sá bó ṣe ń na ẹsẹ̀ náà. Àwọn tó kù bá a sá.

Mo kó gbogbo ẹrù inú bọ́ọ̀tù jáde, sípíà táyà, jáàkì, sípánà, kẹ́ẹ̀gì omi. Mo wà á: kó-kó-kó. Mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì bàbá rẹ. Ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó mi sàlẹ́ńsà tí èéfín ń gbà jáde, ó yẹ ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn wò, ó tún nọ́ńbà ọkọ̀ dè kó le dan-in. A wà á: kó-kó-kó. Ó họ orí, ó ní, "Ìyá, bóyá ká kúkú pe ẹni tó máa gbàdúrà."

Ibẹ̀ ni inú bí mi. Mo fi gèlè di orí mi, mo gba tọ́ọ̀ṣì, mo wọnú bọ́ọ̀tù, mo ká eékún bí ọmọ inú oyún. Mo ní kó pa á dé mọ́ mi, kó máa wà á lọ sójú ọ̀nà tó burú jù. Mi ò ní purọ́ fún ọ, mo pe orúkọ bàbá rẹ nínú òkùnkùn yẹn. Ọkọ̀ já sí kòtò. Ariwo náà kò ti abẹ́ mi wá, kò ti ẹ̀gbẹ́ mi wá, òkè orí mi gan-an ló ti wá. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìdérí bọ́ọ̀tù. Ó kàn mí lọ́wọ́ láti inú irin.

A tú aṣọ dúdú tí wọ́n fi bo inú ìdérí náà. Irin méjì ló so pọ̀ níbẹ̀, ihò sì wà láàárín. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo sì fa nọ́ọ̀tì irin ńláńlá jáde, irú èyí tí wọ́n fi ń de táyà, tí wọ́n sín pọ̀ bí ẹ̀gbà ọrùn, tí wọ́n gbé kọ́ síbẹ̀ kó lè máa fì. Mo wo ohun tí wọ́n fi sín in. Táì ni. Táì aláró tó ní àmì funfun tóótòòtó, èyí tí bàbá rẹ rà fún un nígbà tó kọ́kọ́ ríṣẹ́. Ó ti gé e bí àkísà. Mẹkáníìkì bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Bó bá ṣe ti ọkọ̀ nìkan ni, mo lè fi jì í. Ṣùgbọ́n ó fi òkú bàbá dẹ́rù ba ọmọ. Ìyẹn kò ní ìdáríjì lọ́dọ̀ mi.

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ obìnrin, Àǹtí àgbà, ti pe ìpàdé ẹbí sọ́jọ́ Àìkú, kí wọ́n lè gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo bẹ mẹkáníìkì kó pa ẹnu mọ́. Kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, nọ́ọ̀tì ti kó kúrò nílé mi. Ó ti di ará inú bọ́ọ̀tù Akọ̀wé, pẹ̀lú táì rẹ̀ náà.

Òun ló lọ gbé Àǹtí àgbà wá. Orí fèrèsé ni mo wà nígbà tí wọ́n wọ àdúgbò wa tó kún fún kòtò. Ọkọ̀ kò tíì dúró tán tí Àǹtí fi bọ́ sílẹ̀, bàtà kan lẹ́sẹ̀, wọ́n ń ké pé, "Ó wà nínú eléyìí náà! Àbúrò mi wà nínú eléyìí náà!"

Akọ̀wé wò mí. Mo rẹ́rìn-ín sí i bí ìyàwó rere. Ó mọ ohun tó ń ró, ó mọ ẹni tó gbé e síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá tú ìdérí bọ́ọ̀tù níwájú ẹbí, wọn á bi í pé ta ló júwe ibẹ̀ fún un. Ó la ẹnu, ó pa á dé, ó gbé e mì bí ẹni gbé egungun mì.

Àǹtí ní, "Nígbà tó wà lọ́dọ̀ ìyàwó, o ní ó fẹ́ jáde ni. Kí ló wá ń wá lọ́dọ̀ tìrẹ? Kí lo ṣe fún un?" Wọ́n nawọ́ sí fọ́tò bàbá rẹ lára ògiri. "Dọ̀bálẹ̀!"

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ ìyàwó yín ni. Mi ò bá a du ú mọ́." Mo ní, "Ẹ gbóhùn sókè díẹ̀, Akọ̀wé mi. Òkú kì í tètè gbọ́." Ó tún un sọ.

Àwọn olùkọ́ ti padà sínú ọkọ̀ mi. Mẹkáníìkì ní kí n jẹ́ kó tó báyìí. Kò tíì tó. Mo ti ránṣẹ́ sí Akọ̀wé pé kó pè ọ́, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ọ pé irọ́ lòun pa. Títí tí yóò fi ṣe é, mi ò tíì parí.

Kí ojú rere máa bá ọ rìn, ọmọ mi. Ọwọ́ tó o fi ń kọ́ ìtọ́jú aláìsàn kò ní rọ. Ẹni tó bá gbẹ́ kòtò sójú ọ̀nà rẹ, òun ni yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọn ìjìn rẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ, tí kò gbàgbé oore, tí kò sì gbàgbé ìkà.

Àfikún: O lè máa rò ó pé báwo ni mo ṣe rí bọ́ọ̀tù Akọ̀wé ṣí. Ìyàwó rẹ̀ ló fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, òun náà ló bá mi di tọ́ọ̀ṣì mú. Nígbà tí mo so ó tán, ó fọwọ́ mì í wò, ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ìyálé mi, ẹ jẹ́ ká fi ẹyọ kan kún un."